Ẹranko, Ẹ̀ṣọ́ Igbó, tàbí Onígbó Fúnra Rẹ̀: Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Gbà Ṣe Dọkumẹ́ńtárì Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dọkumẹ́ńtárì nípa ẹranko igbó lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè gbójú lé ẹranko nìkan, kó fi lẹ́ńsì gígùn wo erin tàbí ẹyẹ, kí ohùn kan sì máa sọ ìtàn lábẹ́ àwòrán. Ó lè tẹ̀ lé àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko náà: ẹ̀ṣọ́ igbó, ọdẹ, tọkọtaya tó ń tọ́ ọmọ erin. Ó sì lè gbé kámẹ́rà lé àwọn tó ni igbó lọ́wọ́, kí òun di olùrànlọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ló máa ń sáré mú ti àkọ́kọ́, torí òun ni wọ́n wò dàgbà lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí wọ́n mú kẹ́yìn. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bo àléébù àwọn méjì tó kù mọ́lẹ̀, torí wọ́n ní àléébù, ó sì pọ̀.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ fi wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: owó, àkókò, ewu, àti ẹni tó láṣẹ láti sọ pé, "Ẹ pa kámẹ́rà yẹn ná." Gbogbo ènìyàn ló máa ń ṣírò mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni wọn kì í rántí títí tí wàhálà á fi dé.

Bí ẹ bá gbójú lé ẹranko nìkan

Irú fíìmù yìí ni ayé mọ̀ jù. Ẹ̀ka BBC tó ń ṣe é ní Bristol ti wà láti 1957, wọ́n sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá: ayàwòrán lè fi ọ̀pọ̀ oṣù jókòó sínú àgọ́ kékeré nítorí ohun tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú òǹwòran. Owó ni wọ́n fi ń ra sùúrù yẹn. Ẹni tí kò bá ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn, owó rẹ̀ á tán kí ẹranko tó yọjú.

Ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣe é tún lọ́rọ̀ nínú. Ní Serengeti, ní Tanzania, ilẹ̀ tẹ́jú, koríko ló pọ̀ níbẹ̀, ojú sì ń ríbi tó jìnnà. Ẹ lè jókòó sínú mọ́tò kí ẹ máa wo kìnnìún láti àárọ̀ dalẹ́. Erin inú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Erin igbó ni, kì í ṣe ti pápá. Ó kéré sí ti pápá, eyín rẹ̀ nà tààrà sísàlẹ̀, láti 2021 sì ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu, ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá. Ó lè wà ní ogún ìṣísẹ̀ sí yín kó jẹ́ pé ewé tó mì nìkan lẹ máa rí. Àwọn àgbà tó ní àjànàkú kúrò ní mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin, ó dà bíi pé wọn kò dé J4, apá kan nínú igbó Ọmọ yìí, rí. Fìrí gan-an lojú ń rí níbẹ̀.

Ohun tó lè gbà yín ni kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi, tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ nígbà tí ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá rìn kọjá níwájú rẹ̀. Kò wọ́n tó lẹ́ńsì gígùn, kì í sùn, kì í bẹ̀rù òru. Àmọ́ ó ní ọgbọ́n tí wọ́n ń fi í dè. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, torí ìtànṣán àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ á máa tàn án jẹ. Ẹ ro iwájú rẹ̀ mọ́: ewé kan ṣoṣo tí oòrùn ti mú gbóná, tí afẹ́fẹ́ wá ń mì, á mú kó máa yàwòrán títí káàdì á fi kún, ẹ ó sì délé bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Èèrà á wọnú rẹ̀. Ọ̀rinrin á bo ojú lẹ́ńsì. Erin á fi ọwọ́jà tọ́ ọ wò, nígbà míì á fà á já. Ọdẹ tó bá sì fura pé ó ti ya òun, á gbé e lọ, nítorí náà ẹ gbé e sínú àpótí irin, kí ẹ sì fi ṣéènì dè é.

Owó nìkan kọ́ ni àléébù ọ̀nà yìí o. Irọ́ rọrùn ún pa níbẹ̀, torí ẹranko kò lè jáde wá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Lẹ́ńsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra kò lè fa ìró mọ́ra, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìró ẹsẹ̀ àti ìró jíjẹ tí ẹ ń gbọ́ nínú irú fíìmù báyìí, inú yàrá ni wọ́n ti ṣe é. Ìyẹn kéré. Ní 1958, Disney gbé White Wilderness jáde, níbi tí agbo eku kéékèèké tí wọ́n ń pè ní lemming ti ń já láti orí òkè bọ́ sínú omi bí ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀. Fíìmù náà gba Oscar. Ní 1982 ni tẹlifíṣọ̀n CBC ti Kánádà tú àṣírí: rírà ni wọ́n ra àwọn eku náà, wọ́n kó wọn dé Alberta, ìpínlẹ̀ tí kò bá òkun pààlà rárá, wọ́n sì tì wọ́n sínú odò. Títí dòní, àwọn ènìyàn kan ṣì gbà pé ẹranko yẹn a máa para rẹ̀.

Irú irọ́ kejì wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu pa. Àwọn Maasai ti ń da màlúù káàkiri Serengeti kó tó di ọgbà ẹranko ìjọba. Ní 1959, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tó ń gbé inú ọgbà náà kúrò lọ sí ìhà Ngorongoro. Láti ìgbà náà, fíìmù lórí fíìmù ló ń fi ibẹ̀ hàn bí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò tẹ̀ rí. Kò sí ọ̀rọ̀ irọ́ kan nínú ohùn tó ń sọ ìtàn, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ òǹwòran á dìde níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ibi tí ènìyàn kò bá sí nìkan ni ẹranko ti lè rí ayé gbé. Ẹ̀rọ kọ́ ló fa èyí. Ibi tí ayàwòrán pinnu láti má kọjú kámẹ́rà sí ló fà á.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Kò sẹ́ni tí fíìmù ẹyẹ máa sọ di ẹni tí wọ́n ń fi ìbọn wá kiri. Kò nílò ògbufọ̀ púpọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún lè wò ó kó gbádùn rẹ̀, ó sì ń tà nílé lóko. Bí ẹ bá ti ní ohun èlò, tí ẹ ní ẹni tó máa bọ́ yín fún ọdún kan tàbí méjì, tí ẹ sì ṣe tán láti fi ojúlé àwọn ará ibẹ̀ sínú àwòrán, ẹ máa bá a lọ.

Bí ẹ bá tẹ̀ lé àwọn tó ń ṣọ́ ọ

Ọ̀nà yìí ló ń pa òǹwòran lẹ́kún. Òun náà ló lè pa ẹni tí ẹ ń yà.

Virunga, ní ìlà oòrùn Kóńgò Kinshasa, ni ọgbà ẹranko ìjọba tó dàgbà jù nílẹ̀ Áfíríkà; 1925 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi díẹ̀ tó ṣẹ́kù tí ìnàkí orí òkè ń gbé. Ẹ̀ṣọ́ tó ti kú sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ju 200 lọ. Fíìmù tí Orlando von Einsiedel ṣe níbẹ̀, tó sì fi orúkọ ọgbà náà pè, jáde ní 2014. Ohun mẹ́ta ló so pọ̀ nínú rẹ̀: àwọn ẹ̀ṣọ́, ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 tó gba ìlú Goma ní 2012, àti SOCO, ilé iṣẹ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ wá epo rọ̀bì nínú ọgbà náà.

Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tí ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀ ni André Bauma. Òun ló ń tọ́ àwọn ọmọ ìnàkí tí kò níyàá mọ́. Ìbọn ń dún nítòsí, gbogbo ayé ń sá, kò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń gun èjìká rẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn bí bàbá ṣe ń dá ọmọ lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ndakasi. Ọmọ oṣù méjì ni nígbà tí wọ́n rí i ní 2007, ó dì mọ́ òkú ìyá rẹ̀. Ní 2021 ló kú, apá Bauma ló sì dákẹ́ sí. Kò sí bí lẹ́ńsì ṣe lè gùn tó tó máa fún yín ní irú nǹkan báyìí. Ẹ ní láti mọ Bauma, kí Bauma sì fara mọ́ yín.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Rodrigue Katembo, ẹ̀ṣọ́ tó fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ gba ẹ̀rí lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ fi owó rà á nítorí ọ̀rọ̀ epo, wọ́n mú un ní 2013, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ fún ọjọ́ 17. (SOCO sẹ́ ẹ̀sùn rìbá náà.) Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2014, ọjọ́ méjì péré kí wọ́n tó fi fíìmù náà hàn ní New York, àwọn kan dènà de ọ̀gá àgbà ọgbà náà, Emmanuel de Merode, wọ́n yìnbọn lù ú. Orí ló kó o yọ. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ epo náà gbà láti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá ní fíìmù kò lè yí nǹkan padà, ẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá sì ní fíìmù kì í pani lára, ẹ ránṣẹ́ sí òun náà. Ayàwòrán wọkọ̀ òfuurufú padà sílé. Ẹ̀ṣọ́ ṣì wà nínú igbó, ojú rẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní ìbọn nínú ṣá. The Elephant Whisperers, tí Kartiki Gonsalves ṣe ní 2022, kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ. Bomman àti Bellie, ọmọ ẹ̀yà Kattunayakan, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń tọ́ ọmọ erin kan tó ń jẹ́ Raghu ní ibùdó Theppakadu nínú igbó Mudumalai, ní Tamil Nadu, gúúsù Íńdíà. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un ní mílíìkì, wọ́n ń bá a wí bí kò bá ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gba Oscar ní 2023. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe fíìmù kékeré pẹ̀lú owó tí kò pọ̀, ẹ wo ọ̀kan yìí ju Virunga lọ: ibì kan, ènìyàn méjì, ọmọ erin, sùúrù.

Àmọ́ oṣù mélòó kan lẹ́yìn Oscar yẹn, tọkọtaya náà fi lẹ́tà agbẹjọ́rò ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe fíìmù, pé àwọn kò rí ohun tí wọ́n ṣèlérí fáwọn gbà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní irọ́ ni. Ẹni yòówù kó jàre, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń yan ọ̀nà ṣe kedere: ẹni tí ẹ bá yà ló máa ń ro pé fíìmù tí gbogbo ayé ń wò ti sọ yín dolówó. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì kà á sí i létí níṣojú ẹbí rẹ̀, kí ó tó di pé ẹ tan kámẹ́rà. Kí ẹ sọ iye rẹ̀. "A máa rántí yín" kì í ṣe iye.

Bí kámẹ́rà bá wà lọ́wọ́ onígbó

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀nà kẹta dúró lé.

Láti 1986 ni iṣẹ́ kan ti wà ní Brazil tí wọ́n ń pè ní Vídeo nas Aldeias, tí Vincent Carelli bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń gbé kámẹ́rà fídíò lọ sí abúlé àwọn ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn Kayapó, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Brazil, náà ti ní kámẹ́rà tiwọn láàárín ọdún 1980 sí 1989. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ńlá sí Altamira ní oṣù kejì 1989 láti kọ ìdídò tí ìjọba fẹ́ kọ́ sórí odò Xingu, àwọn oníròyìn gbogbo ayé wá. Ibẹ̀ ni obìnrin kan, Tuíra, ti fi pẹ̀lẹ́bẹ̀ àdá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ mànàmáná, tí àwòrán rẹ̀ sì kárí ayé. Àwọn Kayapó náà ń ya fídíò lọ ní tiwọn, wọ́n ń ya àwọn òyìnbó tó ń yà wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ rántí àti ohun tí oníròyìn fẹ́ tà kì í ṣe ọ̀kan náà, kámẹ́rà méjèèjì sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ wò dáadáa ni The Territory, tí Alex Pritz ṣe, tó jáde ní 2022. Ẹ̀yà Uru-eu-wau-wau ló wà nínú rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Rondônia, ní Brazil. Wọn kò tó 200. Ọdún 1981 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan wọn. Kó tó dìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Igbó wọn fẹ̀ tó hẹ́kítà mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800, ó sì dúró bí erékùṣù tútù láàárín oko màlúù. Àwọn agbégbó, ìyẹn àwọn tó ń fipá gba igbó onígbó, ń wọlé, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dáná sun ún, wọ́n ń pín in fún ara wọn. Ní oṣù kẹrin 2020, wọ́n pa Ari Uru-eu-wau-wau, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà.

Ọdún yẹn kan náà ni kòrónà dé. Àwọn ará ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ wọn mọ́ gbogbo àlejò, àwọn tó ń ṣe fíìmù náà sì wà lára àlejò. Bitaté, ọ̀dọ́ tó jẹ́ olórí wọn, kò rí ìdí tí iṣẹ́ fi máa dúró: kí wọ́n fi kámẹ́rà ránṣẹ́, àwọn á yà á. Wọ́n fi í ránṣẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìrísí fíìmù náà yí padà. Ẹ máa rí i bí kámẹ́rà ṣe ń sáré láàárín igbó lẹ́yìn àwọn tó ń lọ mú agbégbó, bó ṣe ń gbọ̀n, bí èémí ẹni tó gbé e ṣe ń dún. Ẹni tó yà á kò wá wo ewu, ewu tirẹ̀ ni. Tangãi, ọ̀kan nínú wọn, ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé pé ó wà lára àwọn ayàwòrán fíìmù náà, ẹgbẹ́ wọn sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà, ní 2022, fíìmù náà gba ẹ̀bùn àwọn òǹwòran àti ẹ̀bùn pàtàkì àwọn adájọ́.

Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Pritz kò fi àwọn agbégbó sílẹ̀ sẹ́yìn bí ọ̀tá tí kò lójú. Ó jókòó tì wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Òtòṣì àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn, tí gbogbo ayé wọn ti kọjá lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n sì gbà pé ilẹ̀ tí kò sí ọkọ́ lórí rẹ̀ kò ní olúwa. Kò dá wọn láre, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tó ń tì wọ́n wọ igbó. Onígbó kò lè ya apá yẹn fúnra rẹ̀, ó di dandan kí àlejò yà á. Nítorí náà nígbà tí mo bá ní kí ẹ gbé kámẹ́rà lé onígbó lọ́wọ́, n kò ní kí ẹ lọ sùn.

Àléébù ọ̀nà kẹta ńkọ́? Ó ń pẹ́. Ẹ lè lo oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà, kí àsìkò ìgbìn sì tún dé kí gbogbo wọn gba oko lọ. Iná mànàmáná lè má sí, ẹ ó gbé sólà lọ, ẹ ó gbé bátìrì tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwòrán á mì. Ohùn á sọnù nínú afẹ́fẹ́. Èyí tó ṣòro jù ni pé abúlé kan kì í ní ẹnu kan. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà fún baálẹ̀, ọ̀rọ̀ baálẹ̀ lẹ máa gbọ́. Ọmọkùnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ gbà á, á sì di pé ìyá àgbà tó mọ orúkọ gbogbo ewé inú igbó kò sọ gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan nínú abúlé kan náà sì lè máa bá onígẹdú dòwò pọ̀ lóru. Ẹ gbé kámẹ́rà kọjá ọwọ́ kan.

Ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní ti owó, ẹranko nìkan ló wọ́n jù, torí lẹ́ńsì àti àkókò ìdúródè. Títẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ rọjú, bí kò bá sí ogun níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta kò wọ́n ní ohun èlò, kámẹ́rà kéékèèké tó lágbára ni wọ́n nílò, àmọ́ owó ń lọ sórí ìrìn àjò, ẹ̀kọ́ àti owó iṣẹ́ àwọn tó ń yà á. Ẹ san owó iṣẹ́ fún wọn o. Wọn kò kọ́ iṣẹ́ yẹn láti fi ṣe yín lóore.

Ní ti ewu, ẹ yí i padà: ọ̀nà àkọ́kọ́ kò fi ẹnikẹ́ni sínú ewu ju ẹranko fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù. Ìnàkí a máa kó òtútù ọmọ ènìyàn, ó sì lè pa á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ìbòmú lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà kejì ló léwu jù fún ènìyàn, torí àlejò ló ń pinnu ojú tí ayé máa rí. Ní ọ̀nà kẹta, ewu wà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jìyà rẹ̀ ló yàn án, ó sì lè sọ pé kí wọ́n yọ ojú òun kúrò.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ "ẹ pa kámẹ́rà yẹn." Ẹranko kò lè sọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ lè sọ ọ́, bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbà fún un. Ẹni tí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ nílò kó sọ ọ́.

Nílé wa ńkọ́?

Igbó méjì ni kí ẹ wò, torí wọn kò jọra, ọ̀nà tó sì bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu.

Igbó Ọmọ jẹ́ igbó ọba. Ó wà nínú ìwé UNESCO láti 1977 bí ibi ìpamọ́ ohun ẹlẹ́mìí. Erin wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, onígẹdú wà níbẹ̀, àgbẹ̀ kòkó pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni mo máa mú, pẹ̀lú kámẹ́rà orí igi fún erin, kí n sì ya ẹ̀kọ́ Pritz lò: kí n lọ jókòó ti àgbẹ̀ kòkó. Ẹni tí erin tẹ oko rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Fíìmù tó bá fi ẹ̀ṣọ́ ṣe akọni tó sì fi àgbẹ̀ ṣe olè máa dùn ún wò ní òkè òkun, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni ní J4.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ọ̀nà kẹta ni tirẹ̀. Hẹ́kítà 75 péré ni, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ ọ: kò sí pípa ẹran, kò sí pípa ẹja, kò sí gígé igi. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í lé wọn, ọ̀bọ inú rẹ̀ kì í sá fún ènìyàn. Fóònù lásán lè yà wọ́n, ẹ kò nílò lẹ́ńsì olówó gọbọi. Àmọ́ ohun tó gba igbó yẹn là kò ṣe é fi lẹ́ńsì fà mọ́ra. Àwọn olórìṣà ló mọ ọ́n, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tó lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ wò. Ayàwòrán tó bá wá láti Èkó á rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà, á sì fẹ́ fi ọgbọ́n wọ̀ ọ́. Bí ọmọ olórìṣà bá gbé kámẹ́rà, kò ní yà á, fíìmù náà kò sì ní dín ní ohunkóhun. Omi Ọ̀ṣun tó ti pọ́n láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, tó fún fíìmù kan fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń pọn omi yẹn ni kí wọ́n ya ìyẹn. Ẹ gba àṣẹ láàfin Àtáọ́ja àti lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ má mú ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ fẹ́ lo drone? Ní Nàìjíríà, ẹ nílò ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì olùbádámọ̀ràn lórí ètò ààbò àti láti ọ̀dọ̀ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń pẹ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ariwo rẹ̀ sì máa ń lé ẹyẹ kúrò lórí ẹyin.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ pa ohun tó ń kọ ibi tí ẹ wà sínú àwòrán lórí kámẹ́rà àti fóònù yín. Fọ́tò erin kan tó ní ìsọfúnni ibi tí wọ́n ti yà á nínú ti tó fún àwọn tó ń wá eyín erin. Ẹ má sì fi òkè tí gbogbo ènìyàn dá mọ̀ sẹ́yìn àwòrán ibi tí ẹranko ń sùn.

Èyí tó kù ni ọjọ́ ìfihàn. Fíìmù ẹranko nìkan lè lọ tààrà sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ gbé e padà sí abúlé nígbà tí ẹ ṣì lè gé e, ẹ ta aṣọ funfun, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ gbé pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹ máa kọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tí ẹ kò retí ẹ̀rín, àti gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó yẹ kí ẹ gé kúrò, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí àjọ̀dún fíìmù kankan.